Ta Ni Ó Ni Ara? Àríyànjiyàn Àwọn Òǹwòran lórí Eré Ẹ̀dà-Ènìyàn, Orphan Black

Ìfáàrà

Àwọn lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ tí ó jọjú lórí òǹkọ̀wé, lórí òṣèré àti lórí eré fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a rí kà lórí òǹwòran kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà alárìnjò ni a ti mọ̀ pé òǹwòran kì í ṣe ẹni tí ó kàn káwọ́ gbera. Òun ni ó ń gbe orin, òun ni ó ń dá òṣèré lóhùn, òun náà ni ó sì ń tú eré palẹ̀ bí ó bá ti ń darí lọ sílé. Ẹni tí ó bá rántí ìgbà tí Àrélù ti Jimoh Aliu gbòde lórí tẹlifíṣọ̀n ní àwọn ọdún 1980 yóò mọ̀ pé eré náà kì í parí ní alẹ́ tí a bá wò ó. Ọjọ́ kejì ni ó ń parí, ní ibi iṣẹ́, nínú ọkọ̀ àti ní ìsọ̀ aláta.

Irú ìtúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí. Eré tí a mú lò ni Orphan Black, eré àtìgbàdégbà ti ilẹ̀ Kánádà tí Graeme Manson àti John Fawcett dá sílẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2013 ni a kọ́kọ́ fi í hàn, ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 2017 ni ó sì kásẹ̀ nílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀wọ́ 5 tí ó jẹ́ apá 50 lápapọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Sarah Manning, ọmọ tí alágbàtọ́ tọ́ dàgbà, rí obìnrin kan ní ibùdókọ̀ ojú irin tí ojú rẹ̀ àti ti Sarah jẹ́ ọ̀kan náà. Kí Sarah tó ṣẹ́jú, obìnrin náà ti bẹ́ sí iwájú ọkọ̀. Sarah gbé àpò rẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé àwọn tí ó jọ òun pọ̀ káàkiri ayé, àti pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti pèsè gbogbo wọn.

Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, àwọn olólùfẹ́ eré yìí ń pe ara wọn ní Clone Club, orúkọ tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà ń pe ẹgbẹ́ tiwọn nínú eré. Apá kọ̀ọ̀kan kì í tí ì tutù kí àríyànjiyàn tó gbóná lé e lórí. Ní Abẹ́òkúta ní tiwa, ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wò ó, apá kan ní alẹ́ kan, nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀. Owó epo gan-an ni ó sọ ọ́ di eré àtìgbàdégbà fún wọn. Mo ti jókòó tì wọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbi tí wọ́n ti ń jiyàn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń parí. Wọn a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ni ó jọ ta?", wọn a sì parí sórí "ta ni ó ni wọ́n?" Èrò tí a gbé iṣẹ́ yìí lé ni pé ìbéèrè kejì yìí ni ẹ̀mí eré náà, àti pé ọmọ Abẹ́òkúta kan ti bi í nínú ìwé ní ọdún 1952, ọdún 61 ṣáájú Orphan Black.

Ẹ̀dá àti Ẹ̀dà

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀dá sọ́tọ̀ sí ẹ̀dà nínú èdè wa. Ẹ̀dá ni ohun tí Olódùmarè dá. Ẹ̀dà ni ohun tí a dà kọ lára òmíràn, bí ẹ̀dà ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn tí wọ́n ń pe àwọn obìnrin inú eré náà ní ẹ̀dà, mo sì gba ọ̀rọ̀ náà lò nínú iṣẹ́ yìí nítorí pé ó ṣe rẹ́gí ju àwọn àpólà gígùn tí àwa olùkọ́ ń hun lọ.

Kò sí ènìyàn kankan tí a tí ì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀dà ni. Ti ẹranko ni a mọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1996 ni a bí àgùntàn Dolly ní Roslin, nítòsí Edinburgh ní ilẹ̀ Scotland. Inú sẹ́ẹ̀lì ọmú àgùntàn kan tí ó ti pé ọdún 6 ni àwọn onímọ̀ ti mú kókó sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n fi í sínú ẹyin àgùntàn mìíràn tí wọ́n ti yọ kókó tirẹ̀ kúrò, wọ́n sì gbé ọlẹ̀ náà sínú ẹ̀kẹta. Ẹyin 277 ni wọ́n lò kí ẹyọ kan ṣoṣo tó yọrí sí àgùntàn alààyè. Oṣù kejì 1997 ni ayé gbọ́ nípa rẹ̀, oṣù kejì 2003 ni Dolly sì kú. Eré náà ní tirẹ̀ sọ pé ọdún 1984 ni a bí Sarah àti àwọn tí ó jọ ọ́, ọdún 12 ṣáájú Dolly. Níbẹ̀ ni àròsọ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu òǹwòran Yorùbá ni ìbejì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ pé Yorùbá ti mọ ẹ̀dà kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, nítorí pé Yorùbá ni ó ni ìbejì. Ìgbéraga yìí dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí P. P. S. Nylander ṣe ní Ìgbò-Ọrà, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, fi hàn pé ìbí ìbejì níbẹ̀ tó nǹkan bí 45 nínú 1000. Káàkiri àgbáyé, ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì kò ju nǹkan bí 4 lọ nínú 1000, bákan náà ni ó sì rí lọ́dọ̀ wa. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ìbejì Yorùbá ti wá. Wọ́n jọ wá ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn bàbá wa kò sì fìgbà kan pè wọ́n ní ọ̀kan náà. Táíwò ni ó kọ́kọ́ wá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù ni ó ní orúkọ àti ipò tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, a máa ń gbẹ́ ère dípò rẹ̀. Ère ìbejì láti ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére Abẹ́òkúta wà nínú àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè títí di òní. Ẹni tí ó bá fi ojú ṣùnnùkùn wò wọ́n yóò rí i pé ojú àgbà ni wọ́n ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọdé ni a gbẹ́ wọn fún. Agbẹ́gilére kò wá àfijọ rárá. Àyè ẹni tí ó lọ ni ó ń wá ẹni tí yóò dì í.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé eré náà fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Láàrin àwọn ẹ̀dà tí ó kún inú rẹ̀, ó fi ìbejì gidi sí i. Sarah àti Helena jọ wá láti inú ìyá kan náà tí ó gbé oyún wọn. Ó fi ọ̀kan lé ọwọ́ ìjọba, ó fi èkejì lé ọwọ́ ìjọ. A sọ ọ̀kan di ìpáǹle, a sọ èkejì di apànìyàn. Nígbà tí Sarah yìnbọn fún Helena ní òpin ọ̀wọ́ kìíní, Helena kò kú, nítorí pé apá ọ̀tún ni ọkàn tirẹ̀ wà. Inú ara rẹ̀ dojú kọ ti Sarah bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí. Nígbà tí a ó sì fi rí Kendall Malone, obìnrin tí a ti ara rẹ̀ mú sẹ́ẹ̀lì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìbejì ni òun náà: ó ti gba èkejì rẹ̀ tí ó jẹ́ ọkùnrin mọ́ra nínú oyún, ìyẹn ni ó fi ní irú sẹ́ẹ̀lì méjì. Àwọn òǹwòran Abẹ́òkúta tí mo mọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ níbi tí Helena ti ń pe Sarah ní arábìnrin pẹ̀lú ọta ìbọn rẹ̀ lára. Kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Òṣèré Kan, Agọ̀ Púpọ̀

Tatiana Maslany ni ó ṣe gbogbo wọn. Òun ni Sarah, òun ni Alison ìyá ọlọ́mọ tí ó ń mutí ní ìkọ̀kọ̀, òun ni Cosima onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí àìsàn ń bá fínra, òun ni Helena, òun ni Rachel. Kathryn Alexandre ni ó máa ń dúró dè é ní àyè ẹ̀dà kejì kí kámẹ́rà tó so wọ́n pọ̀. Ní 2016 ni Maslany gba ẹ̀bùn Emmy, àwọn olólùfẹ́ eré náà sì ti ń kùn pé ó ti pẹ́ jù.

Lámèyítọ́ tí ó bá ti ka iṣẹ́ Adédèjì lórí alárìnjò kò ní í ka èyí sí ohun àràmàǹdà. Apidán kan náà ni ó ń bọ́ agọ̀ kan tí ó ń gbé òmíràn wọ̀, òǹwòran sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Adùn rẹ̀ wà nínú pé a mọ̀ ọ́n tí a sì tún gbà á gbọ́. Ibi tí Maslany ti tayọ ni ìgbà tí ẹ̀dà kan bá ń díbọ́n bí òmíràn. Bí Sarah bá wọ aṣọ Alison lọ sí àpèjẹ àwọn aládùúgbò, a rí Alison, a sì ń rí Sarah tí ó ń yọ lẹ́sẹ̀ àti léjìká rẹ̀. Agọ̀ lórí agọ̀ ni. Ijó tí àwọn mẹ́rin jọ jó nínú yàrá kan ní òpin ọ̀wọ́ kejì ni gbogbo òǹwòran, ti ibí àti ti òkèèrè, fẹ́ràn jùlọ. Ìdí rẹ̀ kò ju pé orin kan náà ni wọ́n ń jó sí, ẹsẹ̀ olúkúlùkù sì yàtọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi ara wọn pé báwo ni ara kan náà yóò ṣe mú ìwà mẹ́wàá jáde. Ní tiwọn, orí ni ìdáhùn. Gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù ni ó yan orí tirẹ̀ ní ilé Àjàlá kí ó tó wá sáyé, ara kò sì lè yàn án fún un. Àlàyé yìí mọ́gbọ́n wá, mo sì fara mọ́ ọn débi kan. Ṣùgbọ́n ó rọrùn jù. Bí a bá ní orí ni, a ti dá àwọn tí ó pín àwọn ọmọ náà kiri láre nìyẹn. Orí kọ́ ni ó fi Helena sínú àgò.

Ọ̀wọ́ kẹta, tí ó mú àwọn ẹ̀dà ọkùnrin wá, kò dára tó àwọn tí ó ṣáájú. Ọmọ ogun ni gbogbo wọn, ìwà wọn sunmọ́ra jù, àríyànjiyàn sì lọ sílẹ̀. Ọta ìbọn kan ni ó tún gbé e dìde. Ní òpin ọ̀wọ́ náà, ní oṣù kẹfà 2015, a yìnbọn fún Delphine, dókítà tí Cosima fẹ́ràn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni àwọn olólùfẹ́ eré fi jiyàn pé kò kú. Nígbà tí ó padà wá ní 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ ọ́ di àkúdàáyà lójú ẹsẹ̀. Àkúdàáyà kọ́ ni, nítorí pé kò kú rárá. Àkúdàáyà kì í sì í padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí a Yá Lára

Ní apá tí ó kẹ́yìn ọ̀wọ́ kìíní, tí a fi hàn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2013, Cosima tú ìwé tí a fi pamọ́ sínú DNA rẹ̀. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni páténtì: ìwé àṣẹ tí ó sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ni ó ni ara rẹ̀ àti ohunkóhun tí ó bá ti ara rẹ̀ jáde. Ọmọ Sarah, Kira, wà nínú "ohunkóhun" yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìwé àdéhùn fún Sarah láti buwọ́ lù.

Ní ọjọ́ 13 oṣù kan náà, ọjọ́ 12 lẹ́yìn tí a fi apá náà hàn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà dájọ́ lórí ilé-iṣẹ́ Myriad Genetics, tí ó ti gba páténtì lórí jíìnì méjì tí ó jẹ mọ́ àrùn jẹjẹrẹ ọmú. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò lè gba páténtì lórí DNA bí ó ti wà nínú ara ènìyàn, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ọwọ́ ṣe ní ilé ìwádìí lè gba páténtì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ pé ìdájọ́ yìí ti pa ìtàn eré náà. Bí a bá tún un wò, kò pa á. Ìlà DNA tí a kọ ìwé náà sí lára Cosima, àtọwọ́dá ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ṣe ara ẹlòmíràn tán, òfin kò tí ì sọ gbogbo ohun tí kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbí ni ó yẹ kí a padà sí ilé. Ní 1952 ni ilé-iṣẹ́ Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London, ìwé Amos Tutùọlá, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1920. Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé tí a mọ̀ sí Ọ̀mùtí. Nínú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó ti kọ gbogbo ọkọ rí arẹwà ọkùnrin kan lọ́jà, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó, arẹwà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ padà fún àwọn tí ó yá wọn lọ́wọ́ wọn, ó ń san owó yíyá bí ó ti ń lọ, títí tí ó fi ku agbárí nìkan. Irú ìtàn yìí wà lẹ́nu àwọn ìyá wa kí Tutùọlá tó kọ ọ́, a sì sábà máa ń fi kìlọ̀ fún ọmọbìnrin tí ó ń yan ọkọ. Mo gbà pé ìkìlọ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó mú kí ìtàn náà pẹ́. Ohun tí Tutùọlá rí ni pé ara lè jẹ́ gbèsè.

Bí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ wọn ni ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jùlọ. Arẹwà inú ìwé Tutùọlá mọ̀ pé òun yá nǹkan. Ó mọ ilé ẹni tí ó ni ẹsẹ̀, ó mọ ilé ẹni tí ó ni apá, ó sì san owó wọn. Ìwọ̀fà náà láyé àtijọ́ mọ iye gbèsè tí ó wà nílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń san èlé, tí a bá sì ti san owó náà, ó ń lọ sílé rẹ̀. Johnson ya ìwọ̀fà sọ́tọ̀ sí ẹrú nínú ìwé ìtàn rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Cosima kò yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A bí i sínú gbèsè ni, a kò sì sọ fún un. Kì í ṣe ìwọ̀fà. Ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu nínú èdè wa ni ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ jáde, Abẹ́òkúta kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ìlú tí yóò gbàgbé rẹ̀. Láti 1839 ni àwọn tí a ti tà, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi gbà sílẹ̀ sí Sàró, ti ń padà wọ ìlú yìí tí wọ́n ń wá ẹbí wọn. Níbí ni Àjàyí Crowther ti rí ìyá rẹ̀ ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí a kó wọn lẹ́rú. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá ń wo obìnrin tí ó ń wá àwọn ẹni tí ó jọ ọ́ káàkiri ayé mọ ibi tí ìtàn náà ti ń ta òun.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé kò lè kàn wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ó dárúkọ Kano. Ní 1996, ọdún kan náà tí a bí Dolly, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. 11 nínú wọn kú. Àwọn òbí sọ pé a kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun gba àṣẹ, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn. Ní 2009 ni òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano fi 75 mílíọ̀nù dọ́là parí ọ̀rọ̀ náà. Láti alẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti sọ̀rọ̀ ni mo ti rí i pé àríyànjiyàn wọn yí padà. Wọn kò tún fi ẹ̀rín wo ibi tí a ti ń gba ẹ̀jẹ̀ Kira mọ́.

Apá tí Ó Kẹ́yìn

Ọ̀wọ́ karùn-ún mú P. T. Westmorland wá, ọkùnrin tí ó ní òun ti lo ọdún 170 láyé. Irọ́ ni ó ń pa. Ìtàn rẹ̀ gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ikú rẹ̀ láti ọwọ́ Sarah kò sì dun ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn òǹwòran mú lọ sílé nínú apá àádọ́ta ni Helena tí ó bí ìbejì ọkùnrin, tí ó sì ń ka ìwé tí ó kọ nípa àwọn arábìnrin rẹ̀, àti Cosima òun Delphine tí wọ́n ń lọ káàkiri láti wo àwọn ẹ̀dà 274 sàn láìsọ ohun tí wọ́n jẹ́ fún wọn.

Kókó ìkẹyìn yìí fa ìjà. Àwọn kan ní inú rere ni. Àwọn mìíràn bèèrè bóyá oògùn tí a fún ni láìsọ ìdí rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà tí ilé-iṣẹ́ ṣe. Mo wà lẹ́yìn àwọn tí ó bèèrè.

Ṣùgbọ́n lórí Rachel ni ohùn kò ti ṣọ̀kan rárá. Òun nìkan ni ó mọ̀ láti kékeré pé ẹ̀dà ni òun. Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó dàgbà sí, ó sì bá wọn ni àwọn tí ó kù lára. Òun náà ni ó fi orúkọ àwọn 274 náà ránṣẹ́, tí ó jókòó sínú ọkọ̀ níta nígbà tí ẹbí ń ṣe àpèjẹ nínú ilé, nítorí pé wọn kò ní í jẹ́ kí ó wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Àwọn yòókù ní a kì í fi ọmọ ẹni fún ẹkùn pa jẹ, bó ti wù kí ó burú tó. Ní tèmi, èmi kò lè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ojú kan tí Rachel ní, àtọwọ́dá ni. Westmorland ni ó ń gba inú ojú náà wo gbogbo ohun tí òun náà ń wò. Nígbà tí ó mọ̀, ó fọ́ ife ọtí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ojú náà dà nù. Tutùọlá yóò mọ ohun tí ó ń ṣe: ó ń dá ohun tí ó yá padà fún ẹni tí ó ni ín.